Láti Ìkìrun dé Òkukù: Ọ̀nà tí Ẹ̀gbọ́n Wa Gbé Wa Gbà

Ìrìn-àjò tí mo fẹ́ mú yín lọ lónìí kò jìnnà rárá. Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Òṣogbo tí ó dojú kọ ọ̀nà Ọ̀fà, ìlú mẹ́ta ni yóò máa bá lọ́nà tẹ̀léra tẹ̀léra: Ìkìrun ni àkọ́kọ́, Ìníṣà ni èkejì, Òkukù ni ẹ̀kẹta. Awakọ̀ tí ó bá ń kánjú lè la mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá kí ọmọ tí ó sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ tó jí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gba ọ̀nà yìí lójoojúmọ́ tí wọn kò yà sí ibì kankan. Ṣùgbọ́n fún àwa ọmọ bàbá kan, gbogbo ẹ̀kọ́ tí a kọ́ nípa ìdílé, orí ọ̀nà yìí ni a ti kọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ni ó sì kọ́ wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tí òun ṣe nítorí Ọlọ́hun, kò yẹ kí a máa lu ìlù rẹ̀ kiri. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ni ó tó gbà pé kí n kọ èyí, kí ó lè ṣe ìdílé mìíràn láǹfààní.

ÌKÌRUN

Òkè ni ó yí Ìkìrun ká. Bí a ti ń sún mọ́ ọn láti Òṣogbo ni a ó máa rí àpáta tí ó gbórí sókè lẹ́yìn ilé àti lẹ́yìn igi. Akìrun ni orúkọ oyè ọba ìlú náà, ibẹ̀ sì ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn wà. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pe Ìkìrun ní onílé obì, ẹ má ṣe rò pé wọ́n kàn ń pọ́n ìlú ni. Obì àti kòkó ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa fi kọ́ ilé, òun ni wọ́n fi fẹ́ ìyàwó, òun náà ni àwọn mìíràn tà tí wọ́n fi rí owó ọ̀nà Mẹ́kà. Nígbà tí ojú irin tí ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907 sì tẹ̀síwájú, tí ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá sí Ọ̀fà àti Ìlọrin, ọ̀nà tún là sí i fún obì gbànja láti dé ilẹ̀ Haúsá lọ́hùn-ún.

Ìlú yìí rí ogun. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ní àyíká Ìkìrun yìí, ni ogun Ìbàdàn kojú ogun Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìlá àti Ìlọrin. Nígbà tí Ìbàdàn borí, àwọn tí ń sá lọ bá odò Ọ̀tìn tí ó kún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn já lu omi, omi sì gbé wọn lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Ogun Jálumi títí di òní.

Ní àkókò ogun wọ̀nyí ni àwọn ará Òkukù kó kúrò ní ìlú wọn, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà, tí wọ́n sá wá sí Ìkìrun. Wọn kò padà sílé títí ìjà fi parí ní ọdún 1893. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn wọ Ìkìrun ti di géńdé kí ó tó rí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìlú tí ó gba ìlú mìíràn sọ́dọ̀ fún irú àkókò gígùn bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ni ó ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó tún padà kàn án ní Òkukù.

Ní Ìkìrun yìí ni wọ́n ti bí wa. Márùn-ún ni àwa ọmọ. Obìnrin ni àkọ́bí, ọkùnrin mẹ́rin ni ó tẹ̀lé e, èmi sì ni ẹ̀kẹta nínú àwa ọkùnrin. Ìyá wa jẹ́ ìpè Ọlọ́hun ní ọdún 1984, nígbà tí àbíkẹ́yìn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó kó ìwé rẹ̀ sínú àpótí, ó sì gbé ọmọ pọ̀n. Ó ní nígbà tí ọmọ bá lè bọ́ ara rẹ̀ ni òun yóò padà sí ilé ìwé. Kí ìgbà náà tó dé, bàbá wa pẹ̀lú kú, ní ọdún 1987. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.

Lẹ́yìn sàárà ọjọ́ kẹjọ ni àwọn ẹbí jókòó. Èrò wọn ni pé kí a pín àwa ọkùnrin fún àwọn ìbátan: kí ọ̀kan lọ sí Ìbàdàn, kí ọ̀kan lọ sí Èkó, kí ọ̀kan lọ sí oko, kí àbíkẹ́yìn máa bá àbúrò ìyá wa gbé. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ibi fún wa. Bí wọ́n ti máa ń ṣe é nìyẹn, kí ẹrù má baà wọ ẹnì kan ṣoṣo lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ láàrin àwọn àgbà, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ọdún kan. Bí apá mi kò bá ká wọn, kí ẹ wá kó wọn.” Àwọn àgbà wo ojú ara wọn, wọ́n sì gbà fún un. Kò sẹ́ni tí ó wá kó wa.

Iṣẹ́ obì bíbó ni ó fi bọ́ wa. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà lè rò pé eré ni. Obì gbànja kì í ti orí igi bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ la èèpo òde rẹ̀, ẹ ó rẹ obì sínú omi kí awọ funfun tí ó bò ó lè rọ̀, ẹ ó bó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó sì ṣà á: ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò ti jẹ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, kí obì má baà gbẹ lọ́nà Òkè Ọya. Ọwọ́ ẹni tí ó bá ń bó o gbọ́dọ̀ rọ̀, nítorí obì tí èékánná bá ha ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́, olówó obì yóò sì yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi a máa ti ìdájí jókòó ti omi obì. Bí ládánì bá pe ìrun Àsùbáà, yóò nu ọwọ́, yóò jí wa, a ó ṣe àlùwàlá, a ó kírun, yóò sì tún padà sídìí obì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ dáadáa. Nígbà náà ni yóò dáná.

Bí ó bá ń bu oúnjẹ, láti orí àbíkẹ́yìn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, tirẹ̀ ni yóò sì bù kẹ́yìn. Nígbà púpọ̀, inú ìkòkò ni yóò ti jẹ ẹ́. Ó ní ìdí ìkòkò ni òun fẹ́ràn jù, àwa sì gbà á gbọ́.

ÌNÍṢÀ

Láti Ìkìrun, ọ̀nà gba àárín oko iṣu, oko ẹ̀gẹ́ àti igi kòkó lọ sí Ìníṣà. Ìníṣà wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, Olúníṣà sì ni ọba ibẹ̀. Orúkọ odò ni ìjọba ìbílẹ̀ náà ń jẹ́. Àwọn àgbà a máa pa á nítàn pé obìnrin akíkanjú kan tí ń jẹ́ Ọ̀tìn ti Ọ̀tan wá sí Ìníṣà láti bá wọn jà nígbà tí àwọn ọ̀tá yọ wọ́n lẹ́nu, àti pé orúkọ rẹ̀ ni odò náà ń jẹ́. Àwa Mùsùlùmí kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ odò. Ọlọ́hun tí ó dá odò ni à ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, mo rí ọgbọ́n kan kọ́ nínú ìtàn náà: àwọn ará ìlú kò gbàgbé obìnrin tí ó dìde fún wọn ní ọjọ́ ìpọ́njú.

Ọ̀rẹ́ bàbá wa kan, tí ó jẹ́ àfáà, ní ilé kéwú sí Ìníṣà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ ní ọdún 1989. Ó ní bàbá wa ti sọ nígbà ayé rẹ̀ pé òun fẹ́ kí ọmọ òun kan mọ tíra. Mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀, mo sì ń kéwú ní ìrọ̀lẹ́ àti ní alẹ́. Wàláà onígi ni a fi ń kọ́ ọ nígbà náà, tàdáwà ni a fi ń kọ ọ́. Bí a bá há ohun tí ó wà lójú wàláà sórí tán, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì kọ òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí ilé kéwú mọ owó àlàrùbá, owó tí ọmọ kéwú máa ń mú wá fún àfáà ní ọjọ́ Ọjọ́rú. Owó náà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí nílé, kò sí náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí ti èmi yẹ̀. Nígbà mìíràn yóò fi rán awakọ̀ tí ó mọ̀ wá. Nígbà tí kò bá sì rí ẹni rán, tí owó ọkọ̀ kò sì sí, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn ín láti Ìkìrun. Yóò kí àfáà lórí ìkúnlẹ̀, yóò fún un lówó àlàrùbá, yóò fún mi ní ẹ̀wà tàbí ẹ̀kọ tí ó fi ewé dì wá, yóò wo ọrùn mi àti ẹ̀yìn etí mi bóyá mo wẹ̀ dáadáa, yóò sì yí padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí àfáà wa túmọ̀ Súúrà Al-Qasas fún wa. Ẹ mọ ìtàn náà: ìyá Ànọ́bì Mùsá gbé ọmọ rẹ̀ sórí omi nítorí ìbẹ̀rù Firiáónà, ó sì ní kí arábìnrin ọmọ náà tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin yẹn kò lágbára ọba, kò ní ọmọ ogun, ẹsẹ̀ àti ojú nìkan ni ó ní. Ó ń wò ó láti òkèèrè, láìjẹ́ kí wọ́n fura. Nígbà tí àwọn ará ilé Firiáónà gbé ọmọ, tí ọmọ kò sì mu ọmú ẹnikẹ́ni, òun ni ó tọ́ wọn sọ́nà ilé tí wọ́n ti lè rí ẹni tí yóò tọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́hun ṣe fi ọmọ padà sí àyà ìyá rẹ̀. Àfáà wa ní kí á kíyè sí i pé kí Mùsá tó di Ànọ́bì, kí ó tó dojú kọ Firiáónà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ti rìn ní etí odò nítorí rẹ̀. Nígbà tí ó sọ ọ́, mo rántí ọ̀nà Ìkìrun.

Ní ọdún 1996 ni mo ṣe wòlímọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó láàrin àwọn obìnrin. Nígbà tí mo ka tèmi tán, tí àwọn ènìyàn ń ná owó, kò dìde wá ná owó mọ́ mi lórí. Ó fi ojú ìborùn rẹ̀ bo ojú, ó sì tẹ orí ba. Ó pẹ́ kí ó tó gbé e sókè.

ÒKUKÙ

Láti Ìníṣà, ẹsẹ̀ kan ni Òkukù. Ibẹ̀ ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, Olókukù sì ni ọba ibẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìlú náà ní ìgbà èwe wa yóò rí àyípadà, nítorí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, fi ọ̀kan nínú àwọn ọgbà rẹ̀ sí ibẹ̀. Olagunsoye Oyinlola, ọmọ Òkukù, ni gómìnà nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin láti ìlú gbogbo ń gbé ibẹ̀ báyìí, wọ́n ń háyà yàrá, wọ́n ń ra gàrí àti ata lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Obìnrin òyìnbó kan, Karin Barber, gbé ní Òkukù fún ọdún mélòó kan láàrin ọdún 1970 sí 1980, ó kọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú náà, ìwé tí ó kọ lórí rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1991. Èyí fi hàn wá pé ohun tí àwọn ìyá ń sọ nínú ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán.

Òkukù ni ẹ̀gbọ́n mi gbé ọkọ sí. Àwọn méjì ti kọ́kọ́ wá tọrọ rẹ̀ ní Ìkìrun. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé àbúrò mẹ́rin wà nílẹ̀, wọn kì í padà wá. Ẹ̀kẹta jẹ́ bíríkìlà, ọmọ Òkukù. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un tààrà pé ẹni tí ó bá fẹ́ òun, àwọn àbúrò òun ni yóò kọ́kọ́ fẹ́. Ọkùnrin náà ní ilé tí òun ń kọ́, yàrá kan ṣì kù tí òun kò tíì mọ ohun tí òun yóò fi ṣe. Ní ọdún 1992 ni wọ́n so yìgì. Àgbà wa lọ́kùnrin ti wọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Òṣogbo nígbà náà, èmi wà ní Ìníṣà, àwọn méjì yòókù sì bá ìyàwó wọlé ọkọ. Nígbà tí àwọn kan ń rojú sí i, ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó ní, “Ìkìrun gba àwọn bàbá wa nígbà ogun. Ta ni yóò lé ọmọ Ìkìrun jáde ní Òkukù?” Ẹ wò ó, oore tí ìlú kan ṣe kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa ni ó wá di ilé fún wa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi yìí máa ń rán mi létí ìtàn kan tí ó wà nínú ìwé Bukhari àti Muslim. Jábírù ọmọ Abdullahi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn sàhábé. Bàbá rẹ̀ kú sí ogun Úhúdù ní ọdún 625, ó sì fi àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ fún Jábírù. Ẹ̀gbàwá kan ní méje ni wọ́n, òmíràn ní mẹ́sàn-án ni. Nígbà tí Jábírù gbéyàwó, opó tí ó ti dàgbà ni ó fẹ́. Ànọ́bì wa Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bi í léèrè ìdí tí kò fi fẹ́ wúńdíá. Jábírù ṣàlàyé pé òun kò fẹ́ mú ọmọdé wá bá ọmọdé, pé obìnrin tí yóò máa ya orí àwọn àbúrò òun tí yóò sì máa tọ́jú wọn ni òun wá. Ànọ́bì yìn ín fún èyí. Ẹ̀yin ará, ọ̀dọ́mọkùnrin ni Jábírù, ó sì fi ìgbéyàwó rẹ̀ ṣe ìtọ́jú àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì gbọ́ ìtàn yìí rí nígbà tí ó ṣe irú ohun kan náà.

OGÚN BÀBÁ WA

Mo wá dé ibi tí ó mú mi gbé kálàmù. Ní oṣù Ṣáwàlì ọdún 2024, lẹ́yìn ààwẹ̀, a ta ilẹ̀ oko tí bàbá wa fi sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Ìníṣà. Gbogbo wa ni a fọwọ́ sí i. Ilé ẹ̀gbọ́n wa ní Òkukù ni a ti pàdé láti pín owó náà. ₦4,500,000 ni. Bàbá wa kò jẹ gbèsè, ìyá wa àti àwọn òbí bàbá wa ti ṣáájú rẹ̀ kú, nítorí náà àwa márùn-ún nìkan ni a ní ogún. Gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́hun ti là á sílẹ̀ nínú Súúrà An-Nísáì, ìpín méjì ni ti ọmọkùnrin, ìpín kan ni ti ọmọbìnrin. Ọkùnrin mẹ́rin, ìpín mẹ́jọ. Obìnrin kan, ìpín kan. Ìpín mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀. ₦1,000,000 kan ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, ₦500,000 kan ẹ̀gbọ́n wa. Mo kà á síwájú rẹ̀, ó ní, “Alihamudulilahi,” ó sì fi í sábẹ́ ẹní.

Nígbà náà ni àbíkẹ́yìn wa sọ̀rọ̀. Ó ní ara òun kò gbà á kí ẹni tí ó jẹ ìdí ìkòkò fún wa gba ìdajì ohun tí òun gbà. Èyí tí ó tẹ̀ lé àgbà wa lọ́kùnrin dáhùn pé Ọlọ́hun ni ó pín in, ta ni àwa tí a ó wá fi kún ìpín Ọlọ́hun? Ó ní òun kò kórìíra ẹ̀gbọ́n wa, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ni òun ní ní ilé ìwé, òfin sì ni òfin. Ilé dákẹ́. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà lè yọrí sí ìjà, kí a sì jáde ní ilé ẹni tí ó kó wa jọ pẹ̀lú ọkàn kíkorò.

Mo ní kí ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ìpín ogún jẹ́ ti Ọlọ́hun, a kò gbọdọ̀ fi kún un, a kò gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀, a sì ti pín in. Ṣùgbọ́n owó tí ó wà lọ́wọ́ olúkúlùkù báyìí ti di tirẹ̀. Bí ó bá wù ú kí ó fún ènìyàn nínú rẹ̀, ẹ̀bùn ni, ẹ̀sìn kò dí i lọ́nà. Ànọ́bì wa tilẹ̀ kọ́ wa pé tí a bá fẹ́ nawọ́, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá, bàbá, arábìnrin àti arákùnrin wa, kí a tó kan àwọn mìíràn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnikẹ́ni kò lè fi ipá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ti bá ìyàwó mi sọ ọ́ kí n tó kúrò nílé, nítorí ọ̀rọ̀ owó ilé ni, ó sì bá mi fọwọ́ sí i. Mo ka ₦500,000 sílẹ̀. Àgbà wa lọ́kùnrin ka tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, àbíkẹ́yìn náà ka tirẹ̀. Ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́ta ní ilé ìwé ka ₦100,000. Kò sẹ́ni tí ó wò ó ní ojú burúkú.

Ẹ̀gbọ́n wa kò fọwọ́ kan owó náà. Ó bi wá pé, “Ṣé gbèsè ni ẹ ń san fún mi ni?” A dákẹ́. Ó ní, “Bí ó bá jẹ́ gbèsè, ẹ kó o padà. N kò yá ẹnikẹ́ni lówó. Bàbá wa lọ, mo sì gbé yín. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bùn ni, mo gbà á, Ọlọ́hun yóò fi ìlọ́po dá a padà fún yín.” Àbíkẹ́yìn wa ni ó dáhùn. Ó ní, “Ẹ̀bùn ni, Ìyá.” Ìyá ni ó ń pè é láti kékeré, nítorí kò mọ ìyá mìíràn. Nígbà náà ni ó tó kó owó náà, ó sì ní kí èyí tí ó ka ₦100,000 wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó bi í nípa àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ wọn.

Ẹ̀rọ ìlọta ni ó fi díẹ̀ nínú owó náà rà. Ó gbé e sí iwájú ilé, àwọn ìyá àdúgbò àti àwọn ọmọ yunifásítì ń gbé ata wá lọ̀. Ọwọ́ tí ó bó obì ti ń ro ó, ó ní kí ẹ̀rọ máa bá òun ṣe díẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tí mo rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní ni pé kí a kọ́kọ́ fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ kí a tó sọ̀rọ̀ ọpẹ́. Àwọn ìdílé kan wà tí wọn kì í fún ọmọbìnrin ní nǹkan kan nínú oko bàbá, wọ́n a ní ó ti lọ sílé ọkọ. Lẹ́yìn náà wọn yóò ra aṣọ fún un ní ọjọ́ Iléyá, wọn yóò ní àwọn ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n àwọn. Ìdajì tí Ọlọ́hun fún un kì í ṣe ojú rere wa, tirẹ̀ ni. Ẹ fi í fún un pé pérépéré. Ibi tí ẹ̀tọ́ bá parí sí ni ọpẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni pé ẹ̀gbọ́n tí ó tọ́ni yàtọ̀ sí òbí. Àwọn ènìyàn a máa sọ hádíìsì kan tí ó wà nínú ìwé Bayhaqi, pé ẹ̀tọ́ ẹ̀gbọ́n lórí àbúrò dà bí ẹ̀tọ́ bàbá lórí ọmọ. Àwọn onímọ̀ sọ pé okùn ẹ̀gbàwá rẹ̀ kò lágbára, nítorí náà n kò ní gbé ọ̀rọ̀ mi lé e. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi làákàyè wò ó. Òbí ni ó bí ọmọ, Ọlọ́hun yóò sì bi í nípa ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò bí wa. Òun pẹ̀lú ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ìyá àti bàbá ni, ẹkún tirẹ̀ kò tíì gbẹ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí nu omijé tiwa. Ànọ́bì wa sì ti sọ fún wa pé ẹni tí kò bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá ni mo ń bá wí. Ẹ má ṣe sọ akọ́bí yín obìnrin di ìyá kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ohun tí ikú fi dandan gbé lé ẹ̀gbọ́n mi lórí, ẹ má ṣe fi ọwọ́ yín gbé e lé ọmọ yín lórí nígbà tí ẹ ṣì wà láàyè. Bí àbúrò bá ń lọ sí ilé ìwé àti ilé kéwú, kí ẹ̀gbọ́n náà máa lọ. Àwọn ìwé ilé ẹ̀kọ́ girama ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà nínú àpótí. Mo rí wọn ní ọjọ́ tí a pín ogún yẹn, ó fi aṣọ wé wọn, ikán kò jẹ wọ́n. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń lọ sí yunifásítì ní ìlú tí wọ́n bí i sí, ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn lọ.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Òṣogbo sí Ọ̀fà lọ́jọ́ kan, ẹ yà díẹ̀. Ẹ ra obì ní Ìkìrun, ẹ kírun ọ̀sán ní Ìníṣà, ẹ wo ọgbà yunifásítì ní Òkukù. Bí ẹ bá sì ní ẹ̀gbọ́n tí ó gbé yín pọ̀n rí, tí ó ṣì wà láàyè, ẹ má ṣe fi ìbẹ̀wò rẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Kí Ọlọ́hun Ọba dá ẹ̀mí àwọn ẹ̀gbọ́n wa sí, kí Ó fi orí jin àwọn tí ó ti lọ, kí Ó sì jẹ́ kí àwa àbúrò wúlò fún wọn kí ọjọ́ tó lọ. Àmín.